Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀, eré ski ọjọ́ méjì sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ṣé kí n lọ?

Ọmọ_Ìbàdàn_Ottawa · 20 January

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá tó ń ṣe ski, eré orí yìnyín yìí, ò pọ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà ni mo lè bi torí ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ibà ń fojú èèyàn rí. Àwọn tá a jọ ń ṣe é níbí, tí mo bá ti dárúkọ malaria ẹnu á kàn yà wọ́n ni, kò sí èyí tó mọ ìmọ̀ràn tó lè fún mi.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Mo lọ sílé ní December, Ìbàdàn ni mo wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò lo oògùn tó ń dènà ibà, mo ṣáà ní ilé ni mò ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Mo padà dé ní 3 January. Nígbà tó di ọjọ́ 9 ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, orí ń fọ́ mi, mo rò pé òtútù ìlú yìí náà ni, mo fara dà á fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ kẹta tí mò ń gbọ̀n tí eyín mi ń lu ara wọn ni ìyàwó mi gbé mi sínú mọ́tò ó di ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, falciparum ni, irú kòkòrò ibà tó burú jù, ó sì ti pọ̀ gan-an. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀, wọ́n gba ojú iṣan fún mi ní artesunate, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró ọjọ́ mẹ́ta kí n máa lò ó nílé. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ, PCV mi, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 28.

Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún Canadian Ski Marathon, ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Coureur des Bois, ipò Bronze. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ọjọ́ méjì ni, 160 kìlómítà, ìpele mẹ́wàá, márùn-ún ní Sátidé, márùn-ún ní Sọ́ńdè, ẹni tó bá fẹ́ Bronze gbọ́dọ̀ ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìfo ọ̀kan. Ọdún méjì ni mo ti ń múra fún un, ọdún tó kọjá mo ṣe ìpele mẹ́fà, ọdún yìí ni mo ní màá parí ẹ̀.

Lánàá mo jáde lọ sí Gatineau Park, kìlómítà márùn-ún péré, ilẹ̀ tó tẹ́jú. Aago ọwọ́ mi sọ pé ọkàn mi ń lù ní 171 níbi tó jẹ́ pé 140 ló yẹ kó wà, nígbà tí mo dé òkè kékeré kan òòyì kọ́ mi, mo ní láti dúró di igi mú. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò lẹ́ẹ̀mejì pé ibà ò sí lára mi mọ́ o. Ṣé kí n máa bá a lọ díẹ̀díẹ̀ ni àbí kí n fi sílẹ̀? Ẹ má fi òótọ́ pa mọ́ fún mi.

Ìyá_Ìbejì_Edmonton · 20 January

Háà! Ẹ kú ewu o. Òòyì kọ́ yín nínú igbó, nínú yìnyín, ẹ̀yin nìkan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá jáde mọ́, tó bá tiẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan ni. Genotype yín ńkọ́?

Ọmọ_Ìbàdàn_Ottawa · 20 January

AA ni mí, àǹtí. Ẹ ṣé gan-an.

Nọ́ọ̀sì_Gatineau · 20 January

Ọlọ́run ṣeun tó yọ yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 14 ni mo ti wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ń gbé àwọn tí àìsàn dédé gbé dé wá, gbogbo January la máa ń rí àwọn ọmọ ilé wa tó ti Nàìjíríà dé pẹ̀lú ibà. Mi ò rí yín, mi ò sì ní ìwé àyẹ̀wò yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ kó gbogbo ohun tí mo bá sọ lọ bá dókítà yín. Àmọ́ ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó jẹ́ pé ojú ẹsẹ̀ ni mo fi ní kí n dáhùn kí n tó sùn.

Artesunate tó gba ojú iṣan yẹn. Oògùn tó dáa gidi ni, òun ló gba ẹ̀mí yín là. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń pa kòkòrò ibà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà kan wà lábẹ́ egungun ìhà yín lápá òsì, spleen là ń pè é, òun ló máa fa òkú kòkòrò yẹn yọ kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, á sì dá sẹ́ẹ̀lì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ti fara pa, ẹ̀mí ẹ̀ ò gùn mọ́. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹta, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ èèyàn á tún wálẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rò pé ó ti gbádùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹni tó bá gba artesunate báyìí máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣé wọ́n sọ fún yín? Tí wọn ò bá sọ, ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la. Tí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi Coke, tí ẹyinjú yín bá ń pọ́n bíi ti ibà apọ́njú, tí gígun àtẹ̀gùn ilé bá ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má dúró de àdéhùn kankan, ẹ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ní ti ọkàn tó ń lù ní 171: PCV 28 kéré púpọ̀ fún ọkùnrin tára ẹ̀ le, ó yẹ kẹ́ ẹ wà ní 40 sókè. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn lọ sí iṣan, tí ẹ̀jẹ̀ bá kù ọkàn á ní láti lù léraléra kí ìwọ̀nba tó wà lè yí dé ibi gbogbo. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ yín ti gbàgbé ski. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lò tó 120 ọjọ́ láyé, ara ló ń dá wọn ní ìwọ̀n tiẹ̀, kò sí ìdárayá tó lè lé e kó yára. Ẹ̀yin ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹran, ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ sùn dáadáa, àmọ́ ẹ má kàn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́jà láìjẹ́ pé àyẹ̀wò sọ pé irin ló kù lára yín.

Èyí tó kẹ́yìn, spleen yẹn kan náà máa ń wú nígbà ibà. Tó bá wú, tẹ́ ẹ wá ṣubú lórí òkè tí ọ̀pá ọwọ́ yín gún yín níhà, ó lè bẹ́, tó bá bẹ́ ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú ikùn láàárín igbó. Ẹ ní kí dókítà fọwọ́ kàn án wò, tàbí kó fi ẹ̀rọ wò ó, kẹ́ ẹ tó tún wọ ski èyíkéyìí. Gbogbo wa la máa ń ṣubú nínú eré yìí.

Kò_Sáàárẹ̀ · 21 January

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá ẹ̀rù ba ọmọ èèyàn. Ibà ni gbogbo wa fi dàgbà, bàbá mi á ní ibà láàárọ̀ á sì tún lọ oko nírọ̀lẹ́. Ní Olympics Beijing lọ́dún 2022, Jessie Diggins ará Amẹ́ríkà sáré 30 kìlómítà ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó gba fàdákà, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tó bàjẹ́ ti gbé e dè ní nǹkan bí wákàtí 30 ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin odidi lẹ̀yin ní. Ẹ máa ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ara á jí.

Oslo_Sí_Èkó · 21 January

@Kò_Sáàárẹ̀ ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa Diggins, mo wo eré yẹn, bó ṣe dé òpin ńṣe ló ṣubú lulẹ̀ tí kò lè dìde. Àmọ́ oúnjẹ tó bàjẹ́ ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló kù lára ẹ̀. Eré ọjọ́ kan ni, ìyẹn gan-an ló kẹ́yìn fún un níbẹ̀, kò sí ọ̀la tó ń dúró dè é, dókítà tíìmù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ti arákùnrin wa yìí, ọjọ́ méjì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kọ́ níbí, torí Norway ni mo ń gbé láti 2009, ski ni wọ́n fi ń ṣayé níbí. Eré onípele ò jọ eré ọjọ́ kan rárá. Ẹ wo Tour de Ski, láti ìparí 2006 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Munich ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá a, gbogbo àkókò tó o bá lò lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ro pọ̀, tó o bá fo ìpele kan ó parí fún ẹ. Níkẹyìn wọ́n á wá gun Alpe Cermis ní Ítálì, ibi tí àwọn tó ń fi ski sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè máa ń lò, àwọn yìí á gùn ún lọ sókè, ibì kan níbẹ̀ ga débi pé tó o bá lọ síwájú ní 100 mítà, o ti gòkè mítà 28. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lè sáré bí ẹni tí ohunkóhun ò ṣe, inú ẹ̀ dùn, ara ẹ̀ ti sinmi, ó ti ń fojú sọ́nà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ara máa ń sọ tòótọ́. Oorun ọjọ́ kan ò tó láti fi tún ohun tó bàjẹ́ lánàá ṣe, torí nǹkan tí ara ì bá fi tún un ṣe, àìsàn ti ná an.

Johannes Klæbo ará Norway fúnra ẹ̀, ẹni tí kò sí irú ẹ̀ lórí ski lásìkò yìí, ó ti gba Tour yẹn lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ti ìparí 2023 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2024 fi dé. Àìsàn mú un lásìkò Kérésì, kò lọ rárá, ó jókòó sílé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ó gbà á, lẹ́yìn ẹ̀ ó gba wúrà mẹ́fà nínú mẹ́fà ní ìdíje àgbáyé ní Trondheim lóṣù February àti March 2025. Tí ẹni tó ní dókítà tiẹ̀, tó ń jẹun nídìí ẹ̀, bá lè jókòó sílé, èmi ò rí ìdí tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fráídè ò fi ní lè jókòó.

Simen Krüger náà, covid mú un ní January 2022 nígbà tí Olympics ku díẹ̀, òun ló gba wúrà skiathlon, eré tí wọ́n ń fi ọ̀nà ski méjì sá, ní 2018, ó sì pàdánù ti Beijing. Ó dúró, ó jẹ́ kó lọ tán, ó dé ibẹ̀ lẹ́yìn, ó gba bàbà nínú eré gígùn ọkùnrin tí wọ́n gé kù nítorí atẹ́gùn. Ìyẹn náà lọ, àmọ́ ó kọ́kọ́ fi èyí tó fẹ́ràn jù sílẹ̀ ná.

Kò_Sáàárẹ̀ · 21 January

Mo gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ artesunate tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tún lè wálẹ̀ lẹ́yìn oògùn. Mo mú ọ̀rọ̀ mi kúrò. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àbúrò.

Uppsala_Lèmi_Wà · 21 January

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí àwọn míì tó máa ka ibí yìí lè má ní ibà, ó lè jẹ́ flu tàbí ọ̀fìnkìn ló mú wọn tí wọ́n sì ní eré níwájú. Ní Sweden níbí, láàárín 1979 sí 1992, ọ̀dọ́ tó ń sáré orienteering, eré tí wọ́n ń fi máàpù wá ọ̀nà nínú igbó, 16 nínú wọn ló ṣàdédé kú, ara gbogbo wọn sì le. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wọn wò, wọ́n rí i pé ẹran ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wú, irú èyí tí àrùn máa ń fà. Ìgbà tó di 1992 wọ́n ní kí àwọn tó wà lókè nínú eré náà dáwọ́ ìdárayá líle dúró fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n tún kọ́ gbogbo èèyàn pé tí ara bá ń gbóná kò sí eré sísá. Títí dòní, kò sí ìyá ọmọ níbí tó máa jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ tí ara ẹ̀ gbóná lọ ṣe ski, wọn ò ní bá a ṣàwàdà lórí ẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kílọ́ọ̀bù nìyí: tó bá jẹ́ imú tó ń ṣomi àti ọ̀fun tó ń rin ẹ́ díẹ̀, tí kò sọ̀ kalẹ̀ kọjá ọrùn, o lè rìn díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, tí ikọ́ bá ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí gbogbo ara bá ń ro ẹ́, tí ara bá gbóná, má ṣe nǹkan kan. Tí ara bá tutù tán, ka ọjọ́ bíi mélòó kan láìlo paracetamol kó o tó tún wọ bàtà ski. Tí àyà bá wá ń dùn ẹ́, tí ọkàn bá ń fò, tó ò lè mí dáadáa, dókítà lo máa lọ bá kí wọ́n yẹ ọkàn wò.

Ọ̀rọ̀ òtútù náà wà níbẹ̀. Èmi ṣe Vasaloppet lọ́dún kan, 90 kìlómítà láti Sälen dé Mora, ikọ́ kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ni, òwúrọ̀ yẹn tutù tó −17. Àwọn tó ń mí púpọ̀ nínú òtútù gbígbẹ, ọ̀nà èémí wọn máa ń gbẹ, á máa rin wọ́n, á máa fún pọ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ski jẹun ló ní asthma. Tí òtútù bá ti kọjá −20, FIS, àjọ ski àgbáyé, fúnra wọn máa ń dá eré dúró tàbí kí wọ́n sún un síwájú. Mo parí ẹ̀, wọ́n fún mi ní ọbẹ̀ blueberry gbígbóná lójú ọ̀nà, inú mi dùn dé òpin, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi hú ikọ́ lẹ́yìn ẹ̀, mi ò lè sùn lórí ẹ̀yìn mi. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu àti imú yín, ẹ mú méjì dání torí ọ̀kan á rin gbindin láàárín wákàtí kan tá á sì di yìnyín.

AS_Ni_Mí · 22 January

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí tó béèrè genotype. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ AS bíi tèmi, ẹ má gbà gbọ́ pé kò sí nǹkan tó lè ṣe yín rárá. Lójoojúmọ́ ara wa le, àmọ́ tí àìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, tí omi ò bá tó lára, tí èèyàn wá ṣe eré líle kọjá agbára ẹ̀ láìdúró, tàbí lórí òkè gíga, AS lè dákú lórí ẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn eléré àti sójà ní Amẹ́ríkà. Èmi máa ń sọ fún àwọn tó ń bójú tó eré kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń mu omi bí òùngbẹ ò tiẹ̀ gbẹ mí, torí òtútù kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òógùn ń jáde. SS ní tiẹ̀, òtútù yìí nìkan tó láti fa crisis, ẹ jọ̀ọ́ dókítà yín nìkan ló lè dá sí ìyẹn.

Bàbá_Montreal · 23 January

Ọmọ mi, ẹ kú ewu. Ẹni ọdún 61 ni mí, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti ṣe Ski Marathon yìí, mo ní Bronze, mo ní Silver, ìyẹn tí wọ́n máa ń ní kéèyàn gbé ẹrù kìlógíráàmù márùn-ún ó kéré tán sẹ́yìn. Gold, tí wọ́n máa ń sùn síta lórí koríko gbígbẹ pẹ̀lú iná igi, mi ò tíì ṣe é.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Ọdún kẹta mi, ikọ́ mú mi ní January, ara gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, mo lo oògùn, ó lọ. Mo ní ó ti lọ náà nìyẹn. Sátidé mo ṣe ìpele márààrún, ó dùn mọ́ mi, mo jẹun alẹ́, mo sùn. Sọ́ńdè mo jí láago mẹ́rin àárọ̀, ẹsẹ̀ mi wúwo bí òkúta, mo tún jáde. Ìpele keje, mo rántí igi sípúrúsì kan tí mo fara tì, mo rántí pé mo ń wo ọwọ́ mi tí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn mi ló rí mi, wọ́n fi kóòtù wọn bò mí, ọ̀kadà orí yìnyín ló gbé mi jáde. Pneumonia ni. Ọjọ́ 11 ni mo lò ní ọsibítù, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ẹ̀. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé láàárọ̀ yẹn òun bi mí bí ara mi ṣe rí, mo sì purọ́ fún òun.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láìpàdánù gbogbo ẹ̀. Ohun tó dáa jù nínú eré yìí ni pé wọ́n gé e sí ìpele. Láti 1967 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe 160. Àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ àwọn tó ń ṣe ìpele kan, méjì, mẹ́ta, ọmọ kékeré wà níbẹ̀, arúgbó wà níbẹ̀. Jackrabbit Johannsen, baba ará Norway tó la ọ̀nà ski kiri Québec, ó ti lé ní ẹni 90 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí, wọ́n sì máa ń rí i níbẹ̀. Ẹni ọdún 111 ni nígbà tó kú ní 1987. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n yọ yín kúrò ní Coureur des Bois, kí wọ́n fi yín sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Bronze ò ní sá lọ, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá gbà fún yín:

Ẹ yan ìpele tí mọ́tò lè dé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹ̀, ẹ má yan èyí tó wọ inú igbó lọ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ìpele kan, kò sí ọ̀nà àbájáde títí ẹ ó fi dé ibùdó tó kàn, àfi kí wọ́n wá gbé yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ti yọ, ẹ jẹ́ kí àwọn Coureur des Bois máa lọ ní òru wọn. Ẹ mú ẹnì kan dání, kó máa wà lẹ́yìn yín, kì í ṣe níwájú, torí ẹni tó wà níwájú ò ní rí yín tẹ́ ẹ bá dúró.

Ẹ pinnu nílé iye tí ọkàn yín ò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹ sọ fún ẹni yẹn. Tó bá ti kọjá, ẹ rìn. Gbogbo òkè ni kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn, ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé àwọn ọmọdé ń kọjá lára yín. Wax, ìda tí wọ́n ń fi pa ìsàlẹ̀ ski, èyí tó ń mú ilẹ̀ dáadáa ni kẹ́ ẹ lò, kó tiẹ̀ fà díẹ̀ ó sàn ju kó máa yọ̀ lọ, ski tó ń yọ̀ sẹ́yìn lórí òkè ló ń gba agbára èèyàn tán, òun náà ló ń múni ṣubú.

Oúnjẹ: àwọn ṣúgà inú bébà wọ̀nyẹn, ní −20 wọ́n á le bí òkúta, eyín yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Chin-chin ni mo máa ń kó sápò, kì í dì. Mo máa ń po ògì tó ṣàn dáadáa, mílíìkì àti ṣúgà nínú ẹ̀, mo máa ń gbé e nínú fláàsì, ó gbóná títí dọ̀sán. Àwọn tó wà ní ibùdó máa ń fún yín ní nǹkan gbígbóná náà, ẹ gbà á, ẹ má dúró pẹ́ níbẹ̀ torí òógùn ara yín á di yìnyín. Ẹ̀wù gbígbẹ kan nínú báàgì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá.

Oslo_Sí_Èkó · 23 January

Bàbá, mo ka tiyín, omi lé sí mi lójú. Ẹ ṣé.

@Ọmọ_Ìbàdàn, ẹ má rò pé àwa ò sí nínú eré yìí o. Samuel Ikpefan ṣojú Nàìjíríà nínú irú ski yìí gan-an ní Beijing 2022, òun la kọ́kọ́ ní. Ṣáájú ẹ̀, Mathilde-Amivi Petitjean ti ṣe é fún Tógò ní Sochi 2014. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ṣì gùn níwájú yín.

Ọmọ_Ìbàdàn_Ottawa · 28 January

Ẹ̀yin ará mi. Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lánàá. 25. Ó wálẹ̀ láti 28. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ló ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, dókítà ní sẹ́ẹ̀lì ló ń fọ́, wọn ò fún mi lẹ́jẹ̀, wọ́n ní ká máa ṣọ́ ọ, kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí n sì sinmi pátápátá. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo spleen, ó wú díẹ̀. Ká ní mi ò béèrè níbí ni, Sátidé yìí ni mo fẹ́ lọ ṣe 40 kìlómítà láti fi dán ara mi wò. Ìyàwó mi ní kí n kí gbogbo yín, ó ní kí n kí Nọ́ọ̀sì_Gatineau lọ́tọ̀.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀. Wọ́n ti yọ mí kúrò ní Bronze. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́, mo jókòó sínú mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Gatineau · 28 January

Ó yẹ kó dùn yín, ọdún méjì kì í ṣe eré. Ẹ kí ìyàwó yín, òun ló gba ẹ̀mí yín là lẹ́ẹ̀kíní. Tí àyẹ̀wò tó kàn bá tún wálẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bá rí ìtọ̀ tó dúdú, lójú ẹsẹ̀. Rírìn nínú ilé àti ní àdúgbò nìkan fún báyìí.

Ọmọ_Ìbàdàn_Ottawa · 11 February

31 January, 26. 4 February, 29. Lánàá, 33. Spleen ti padà sí bó ṣe yẹ. Dókítà ní mo lè ṣe ìpele kan, ó pọ̀ tán méjì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí mi ò bá dá lọ, tí ọkàn mi ò sì kọjá 145. Lánàá mo rin kìlómítà mẹ́ta lórí ski, 138. Mi ò gbọ́ òòyì kankan.

Bàbá_Montreal, ṣé ẹ máa wà níbẹ̀?

Bàbá_Montreal · 11 February

Màá wà lẹ́yìn yín. Mi ò forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan kan ju ìpele méjì lọ lọ́dún yìí, orúnkún mi ń dùn mí. Ẹ bá mi mú chin-chin dání, èmi á po ògì.

Ọmọ_Ìbàdàn_Ottawa · ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn eré

Ìpele kan la ṣe ní Sátidé, kìlómítà 14, wákàtí méjì ààbọ̀. −11, oòrùn yọ, kò sí atẹ́gùn. Gbogbo òkè ni mo fẹsẹ̀ rìn. Aago ọwọ́ mi dé 147 lẹ́ẹ̀kan, Bàbá ní kí n dúró, mo dúró, a mu ògì. Nígbà tá a dé ibùdó, ẹsẹ̀ mi ṣì fẹ́ lọ, mo wo ọ̀nà tó wọ inú ìpele tó kàn, mo wo Bàbá, kò sọ nǹkan kan, mo bọ́ ski.

Sọ́ńdè, èmi àti ìyàwó mi dúró ní ibùdó, à ń bu omi olóyin gbígbóná fún àwọn tó ń kọjá. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ẹnì kan tá a jọ ń ṣe ìdárayá kọjá, ìpele kẹsàn-án ló wà, irùngbọ̀n ẹ̀ ti di yìnyín tán, mo bu ife méjì fún un. Ó gba Bronze ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Gatineau · ọjọ́ Mọ́ńdè

Ẹ kú oríire. Ara ńkọ́ láàárọ̀ yìí? PCV ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Ẹ má sì gbàgbé, tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ní December tó ń bọ̀, oògùn ìdènà ibà wà. Malarone, ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó gbéra lẹ ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ ó máa lò ó lójoojúmọ́ níbẹ̀, ẹ ó tún lò ó fún ọjọ́ méje tẹ́ ẹ bá ti padà dé.

Ọmọ_Ìbàdàn_Ottawa · ọjọ́ Wẹ́sìdeè

Ara le, kò sí òòyì. 36 ni wọ́n sọ láàárọ̀ yìí. Ìyàwó mi ti gba àdéhùn sílẹ̀ fún àwa méjèèjì àtàwọn ọmọ lọ́dọ̀ dókítà àwọn arìnrìn-àjò, November.